Ṣé kíróṣé ń tún ọkàn mi ṣe ni, àbí mo kàn ń fi sá fún ìbànújẹ́?

Ìyá kan láti Òṣogbo kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, oorun ò kùn mí mọ́, àyà mi kì í sì í balẹ̀. Dókítà kọ amitriptyline fún mi pé kí n máa lò ó lálẹ́. Àárín ìgbà yẹn ni mo tún wá ìkọ́ kíróṣé mi jáde, èyí tí mo kọ́ nílé ìwé nígbà èwe. Mo rí i pé tí mo bá ti ń hun nǹkan, ara mi á wálẹ̀, wákàtí méjì á sì lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àbúrò ọkọ mi ní òwú ni mo fi ń sá fún ìbànújẹ́, pé àgbàlagbà kì í ṣeré ọmọdé. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa tà á lórí Instagram. Èmi fúnra mi ń rò ó pé bóyá kí n kúkú pa oògùn yẹn tì, kí n gbájú mọ́ kíróṣé mi. Kí lẹ rí sí i?"

Mà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ̀yìn bàbá dára. Ìbéèrè mẹ́rin ló so kọ́ra nínú lẹ́tà yín: bóyá òótọ́ ni ìtura tí ẹ ń rí, bóyá kì í ṣe pé ẹ ń sá, bóyá kí ẹ sọ ọ́ di ọjà, àti bóyá ó lè rọ́pò oògùn. Èyí tó kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun nìkan ló lè ṣe yín ní jàǹbá láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàdédé pa oògùn náà tì. Amitriptyline kì í ṣe bíi Panadol téèyàn ń lò nígbà tí orí bá ń fọ́, tó sì ń gbé jù sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Tó bá ti mọ́ni lára, téèyàn wá já a lọ́sàn-án kan òru kan, ó lè fa èébì, ẹ̀fọ́rí, òógùn, àìróorunsùn àti àlá burúkú, ara ò sì ní rọgbọ. Èyí tó ń dun èmi níbẹ̀ ni pé aláìsàn á gbà pé àìsàn òun ló padà dé, nígbà tó jẹ́ pé bó ṣe já oògùn lójijì ló ń jẹ ẹ́ níyà. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tí ara á fi gbàgbé rẹ̀.

Tó bá jẹ́ tìtorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ṣe kọ ọ́ fún yín, ohun tí a sábà máa ń sọ fún aláìsàn ni pé kó ṣì máa lò ó fún bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, torí àwọn tó tètè já a ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà tètè ń padà wá bá. Tó bá sì jẹ́ tìtorí oorun nìkan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ò sọ èwo nínú méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà; kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa pé kí wọ́n kọ oògùn lé aláìsàn lọ́wọ́ láìsọ ohun tó wà fún. Ẹ bi wọ́n. Ẹ sì tún wo ọ̀ràn náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì: ẹni tí kò rí oorun sùn láti oṣù dé oṣù, ṣé ó lè jókòó ti kíróṣé fún wákàtí méjì? Ó lè jẹ́ pé oorun tí oògùn fún yín ló jẹ́ kí ọwọ́ yín gba iṣẹ́, kí iṣẹ́ ọwọ́ náà tó wá jẹ́ kí ọkàn yín rí ìsinmi. Kò sẹ́ni tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ láti inú lẹ́tà.

Ká wá bọ́ sórí kíróṣé gan-an. Iṣẹ́ mi nìyí. Occupational therapy ni mo kọ́, ìyẹn ẹ̀ka tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun téèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ tọ́jú aláìsàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Àwọn tó bá yọjú sí yàrá wa máa ń rí òwú, ìlẹ̀kẹ̀, apẹ̀rẹ̀ àti ọ̀dà lórí tábìlì, wọ́n á ní a kàn ń tan àwọn aláìsàn bí ẹní ń tan ọmọdé ni. Wọn ò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí oògùn, tí a fún ní òwú nílá àti ìkọ́ tó sanra, tí a ní kó ṣáà máa hun ṣéènì lọ títí tó fi máa gùn tó etí tábìlì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ṣéènì yẹn ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wí láti àárọ̀ pé òun ò wúlò fún ohunkóhun á gbé e sójú, á wò ó, á fi ọwọ́ méjèèjì fà á bóyá ó máa já. Kì í já.

Àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń ro ọ̀rọ̀ kan náà ní àròyípo: ká ní a tètè gbé wọn dé ilé ìwòsàn ni, ká ní mo ta kú pé kí wọ́n má rin ìrìn àjò yẹn ni. Ìrònú bẹ́ẹ̀ kì í débì kan. Ibi tó ti gbéra ló tún ń padà sí. Susan Nolen-Hoeksema, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Yale tó kú ní 2013, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí irú ìrònú yìí. Ó rí i pé àwọn tó ń rò ó ní àrò-tún-rò nígbà tí inú wọn bá bàjẹ́ ni ìrẹ̀wẹ̀sì wọn máa ń pẹ́, òun náà ló sì máa ń wúwo jù. Nínú àwọn ìdánwò tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n fún àwọn tí inú wọn ò dùn ní nǹkan mìíràn láti fọkàn sí fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Inú wọn rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì padà sídìí ìṣòro tiwọn, ojútùú tí wọ́n rí sí i dára ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n máa rò ó lọ.

Ẹ lè ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣebí tẹlifíṣọ̀n náà ń múni gbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àyè tí ọpọlọ fi ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ kò fẹ̀ rárá, ohun tó bá sì gba àyè yẹn ló ń lé ìyókù síta. Ẹ wo ọwọ́ ara yín nígbà tí ẹ bá ń hun. Òwú gba orí ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì kọjá, àtàǹpàkò àti ìka àárín di ibi tí ẹ hun dé mú, ìkọ́ wọ inú ojú, ó kọ́ òwú, ó fà á jáde, ó tún kọ́ ọ, ó gba inú ojú méjì jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sì tún ń kà á lọ́kàn. Tí ẹ bá fo ojú kan níparí ìlà, kò ní pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa sún wọnú, ẹ máa rí i, ẹ máa tú u, ẹ máa tún un hun. Ọwọ́, ojú àti ẹnu tó ń kà, gbogbo wọn ló níṣẹ́. "Ká ní" kì í tètè rí àyè wọlé nírú ibẹ̀ yẹn. Tẹlifíṣọ̀n ò ní kí ẹ ṣe ohunkóhun, ẹ lè tẹjú mọ́ ọn tọkàntọkàn kí ọkàn yín ṣì wà létí sàréè. Ti fóònù tiẹ̀ tún burú sí i, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń kó ìròyìn ajínigbé àti fọ́tò tọkọtaya tó ń ṣàjọyọ̀ ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wá sí iwájú yín.

Ní ti wákàtí méjì tó lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Mihaly Csikszentmihalyi, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yunifásítì Chicago, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1990. Ó bá àwọn tó ń gun àpáta sọ̀rọ̀, ó bá àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, àwọn oníjó àti àwọn tó ń ta chess sọ̀rọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: iṣẹ́ náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọn ò rántí ara wọn mọ́, aago ò sì jọ aago. Ohun tó ń fà á ni pé iṣẹ́ náà ò rọrùn kọjá ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀, kò sì le kọjá agbára wọn, wọ́n sì ń rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ń lọ déédéé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ti mọ fìlà ọmọ tuntun hun nínú òkùnkùn pé kó dán àpẹẹrẹ míì wò. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà jù lè máa dá lọ, kí ọkàn sì rápálá padà sídìí àròkàn. Lọ́jọ́ tó bá ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu, ẹ̀wẹ̀, fìlà yẹn náà ló yẹ yín, torí ohun tó ṣòro á kàn tún bí yín nínú ni. Mo fẹ́ràn kíróṣé fún èyí ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ lọ: ó ṣe é mú rọrùn, ó ṣe é mú le, tí ó bá sì bàjẹ́, ẹ kàn máa fa òwú náà ni, òwú á padà di òwú. Ẹni tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sára aṣọ, kò ní irú àǹfààní yẹn. Ibi tí ẹ̀kọ bá kán sí, ó kán síbẹ̀ nìyẹn.

Ká má sì rò pé òyìnbó ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hu èyí jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, apẹ̀rẹ̀ híhun àti nítìn, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun òwú, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ìró bọ́ǹbù ti da ọkàn wọn rú. 1917 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ tiwa yìí sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ní 1930 sì ni Elizabeth Casson ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ni ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta. Láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, dípò kó tì wọ́n mọ́lé. Mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn gbé, aláìsàn á máa wá gba ìtọ́jú, á sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ abúlé tó bá wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn wá láti ilẹ̀ òkèèrè láti wá wo bó ṣe ń ṣe é. Ẹ kíyè sí i pé Lámbò ò torí oko kó sọ oògùn nù. Ó lo méjèèjì pọ̀, ó sì tún fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kún un.

Ìwádìí ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n wọn ò wúwo bákan náà, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2013, Jill Riley, Betsan Corkhill àti Clare Morris tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn 3,545 tó ń ṣe nítìn káàkiri ayé ló dá wọn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn bá ṣe ń ṣe é léraléra tó ni ọkàn rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ tó, bí wọ́n ṣe wí nìyẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó fẹ́ràn nítìn ni wọ́n bi. Ẹni tí nítìn sú, tó ti da abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù, kò sí níbẹ̀ kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Ní Kánádà, ní 2009, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin 38 tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn nítorí àìsàn tó ń mú kéèyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀ ní nítìn. 74% nínú wọn ní ó dín ìbẹ̀rù àti ìrònú tó gbà wọ́n lọ́kàn kù. Èyí náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n èèyàn 38 kò pọ̀, kò sì sí àwọn míì tí wọn ò kọ́ ní nítìn tí a lè fi wọ́n wé. Èyí tó tóbi jù jáde ní 2023: wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn 93,263 tó ti pé ọdún 65 sókè jọ láti orílẹ̀-èdè 16, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ní nǹkan kan tí wọ́n fi ń najú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ayé wọn sì tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tí kò ní lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le ló sábà máa ń lè ṣeré, nítorí náà a ò lè fi ìyẹn nìkan búra.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù kò dárúkọ òwú rárá. Ìtọ́jú kan wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ni pé kí aláìsàn padà sídìí ohun tó ní ìtumọ̀ fún un, díẹ̀díẹ̀, ní àkókò tí wọ́n ti là sílẹ̀, yálà ó wù ú lọ́jọ́ yẹn tàbí kò wù ú. Ní 2016, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín àwọn aláìsàn 440 sí ọ̀nà méjì: apá kan gba ìtọ́jú yìí, apá kejì gba ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ tó gbówó lórí, tó jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló ń ṣe é. Èyí tó rọrùn yìí ò gbẹ̀yìn rárá. Ohun tó kọ́ wa ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí ara bá yá ni kéèyàn tó ṣiṣẹ́; iṣẹ́ náà wà lára ohun tó ń mú ara yá. Mà, ohun tí ẹ dédé bẹ̀rẹ̀ fúnra yín láìsí ẹni tó kọ́ yín nìyẹn.

Ti àbúrò ọkọ yín wá kù. Mi ò fẹ́ bá a jà, ó lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù pé ẹ ti ń gbàgbé ẹ̀gbọ́n òun. Àmọ́ ó dà bíi pé lójú rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́dọ̀ máa sunkún láìsinmi kó tó jẹ́ ọ̀fọ̀. Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Nẹ́dálándì, ṣàlàyé ní 1999 pé ẹni tó pàdánù èèyàn máa ń lọ máa ń bọ̀ láàárín nǹkan méjì ni: nígbà míì á kọjú sí òkú náà, á sunkún, á wo fọ́tò, á rántí, nígbà míì á kẹ̀yìn sí i, á sanwó iná, á se ọbẹ̀, á kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá gbé. Lílọ bíbọ̀ yẹn gan-an ni ìwòsàn. Ẹni tó bá dúró sójú kan, ì báà jẹ́ sídìí ẹkún, ì báà jẹ́ sídìí iṣẹ́, òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ wá lóminú. Ẹ bi ara yín láwọn ìbéèrè kan: nígbà tí ẹ bá gbé ìkọ́ sílẹ̀, ṣé ẹ lè wọ yàrá bàbá? Ṣé ẹ ti wo àwọn aṣọ wọn, ẹ ti sọ èyí tí ẹ máa fi tọrẹ? Tí àwọn ọmọ bá dárúkọ wọn, ṣé ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àbí ńṣe lẹ máa ń sáré na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ òwú? Tó bá jẹ́ pé ara yín máa ń fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn kíróṣé, tí ẹ sì ń lè fojú kan ohun tó wà níwájú yín, ẹ ò sá. Tó bá jẹ́ pé torí rẹ̀ lẹ ò jẹun, ẹ ò dá àlejò lóhùn, ẹ ò lọ gba owó ìfẹ̀yìntì, ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ti ní díẹ̀ nínú nìyẹn. Ohun tí ẹ kọ kò jọ ìyẹn lójú mi.

Nípa ti eré ọmọdé, ẹ bá mi bi í ohun tó ń pe àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò 48, wọ́n á ta á láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, òǹwòran á máa bú ọ̀pẹ̀, á máa yin ọ̀ta. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n ń ṣe eré ọmọdé. Iṣẹ́ tí ayò ń ṣe fún ọkàn wọn, irú rẹ̀ ni òwú ń ṣe fún tiyín: ọwọ́ ń lọ, orí ń ṣírò. Ti ayò tiẹ̀ tún ní ariwo àti ẹ̀rín àwọn èèyàn nínú, ìyẹn sì ni kíróṣé tí ẹ ń dá ṣe nínú yàrá kò ní. Lẹ́yìn tí fídáù ogójì ọjọ́ bá ti kọjá, tàbí tí ìsìn ìdúpẹ́ bá ti parí, gbogbo èrò á tú ká, ilé á sì dá wáí. Tí ẹ bá mọ obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní àsàlátù tó mọ kíróṣé, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọ, ẹ pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ máa ń rọrùn láti sọ nígbà tí ojú ò bá ṣe mẹ́rin, tí kálukú tẹjú mọ́ òwú ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà sì ni yín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ti Instagram, àfàìmọ̀ ni mi ò ní ṣẹ ọmọ yín. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ran yín lọ́wọ́ ni. Nílùú tí owó ìfẹ̀yìntì ti ń pẹ́ kó tó wọlé, mi ò lẹ́nu láti sọ fún opó pé kó má tà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí. Tó bá ti di ọjà, oníbàárà ló ń yan àwọ̀, oníbàárà ló ń dá ọjọ́, "ẹ jọ̀ọ́ mà, Sátidé la fẹ́ lò ó". Ẹ̀gbẹ́ tó sún wọnú tí ẹ máa ń tú pẹ̀lú sùúrù tẹ́lẹ̀ á wá di ìpayà. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett lo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Stanford, àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa yàwòrán, fún ìdánwò kan. Àwọn tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún pé tí wọ́n bá yà á wọ́n máa gbà á, nígbà tó yá tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àkókò tí wọ́n fi yàwòrán ò ju nǹkan bí ìdajì tàwọn tó kù lọ. Àwọn tí wọ́n fún lẹ́bùn láìròtẹ́lẹ̀, ìfẹ́ tiwọn ò dín. Ọmọdé nìwọ̀nyẹn, àgbàlagbà tó ń sanwó ilé yàtọ̀, mo gbà. Síbẹ̀, ohun tí mo máa gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ fi ọdún yìí sílẹ̀ láìtà. Ẹ fún àwọn aboyún àdúgbò ní fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, ẹ gba ìdúpẹ́. Tó bá wá di dandan kí ẹ tà, ẹ máa hun ún tán kí ẹ tó gbé fọ́tò rẹ̀ síta, ẹ má gba owó iṣẹ́ tí ẹ ò tíì ṣe, kí iṣẹ́ kan sì máa wà nínú apẹ̀rẹ̀ yín nígbà gbogbo tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọjà Ṣáínà díye lé e. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò sí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń hun ojúlówó kíróṣé, ọwọ́ èèyàn ló ń hun ún níbikíbi tí ẹ bá ti rí i.

Àwọn ibi tí kíróṣé ò dé wà o. Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá wọra tán, ìkọ́ gan-an á wúwo lọ́wọ́, ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ á dà bí ìyàngbò lẹ́nu, tí wọ́n bá sì ní kó "wá nǹkan ṣe", ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n ń bú u ní ọ̀lẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú kí òwú tó wúlò fún un. Tí ẹ bá rí i pé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kíróṣé náà ò dùn mọ́ yín mọ́, oúnjẹ ò lọ, ẹ̀bi ń pa yín lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ padà lọ bá dókítà. Tí ó bá sì ń wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kí ẹ bá bàbá lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan, kí ó bá yín dé ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ara náà ní tirẹ̀. Wákàtí méjì lórí ìjókòó kan ti pọ̀ jù fún ọrùn àti ọrùn ọwọ́. Ní bí ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, ẹ dìde, ẹ na ọwọ́, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Tí ìka bá ń kú tàbí tó ń jò yín bí iná lóru, ẹ sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì lo ìkọ́ tí ìdí rẹ̀ nípọn. Tí wọ́n bá múná lọ, ẹ má fi iná fóònù hun òwú dúdú.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ rí dókítà, ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ yín dání, ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ ṣe ń lò ó, ìgbà wo lójúmọ́, àti bí oorun yín ti rí láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ amitriptyline, ìgbà tí wọ́n rò pé ẹ máa lò ó dà, àti bí wọ́n ṣe máa dín in kù tí àkókò bá tó. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lo ìdajì, ẹ bi wọ́n fún iye ọjọ́ tí ẹ máa fi lò ó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tún dín in. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú tó bá jẹ́ pé ẹnu yín ń gbẹ tàbí pé ojú òwú ń ṣú lójú yín láìpẹ́ yìí, torí oògùn yẹn lè mú kí ohun tó sún mọ́ni ṣòroó rí kedere. Ó dára kí ẹ mọ̀ bóyá òun ni, kí ẹ tó ná owó sórí gíláàsì tuntun.